Ibi tó yẹ kí ẹ ti dúró bí ẹ bá ń wo Game of Thrones

Àdìrẹ ni mo ń ṣe ní Ìtòkú, n kì í ṣe oníṣẹ́ fíìmù. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́ta ti bi mí lóṣù yìí pé báwo làwọn ṣe máa wo Game of Thrones, eré orí tẹlifíṣọ̀n Òyìnbó tí àwọn ìdílé ńláńlá ti ń jà du ìtẹ́ ọba, torí wọ́n mọ̀ pé mo wò ó láti April 2011 títí dé May 2019. Ó dáa, ẹ gbọ́.

Ẹ wá ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ìdílé Stark sójú ewé kan, Lannister sí òmíràn, Targaryen sí ìkẹta. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, torí ẹ máa pa orúkọ rẹ́ dáadáa. Nínú fíìmù tiwa, ẹni tó ni eré kì í kú. Lọ́dọ̀ tiwọn, apá (episode) 9 ní abala (season) àkọ́kọ́ ni wọ́n ti bẹ́ orí Ned Stark, olórí ìdílé Stark. Kí àwọn ọmọ sì ti sùn o, ìhòòhò pọ̀ níbẹ̀.

Abala 1 sí 4, apá méjì lálẹ́ ti tó, ẹ má kánjú. Ní abala 5, bí wọ́n bá ti dé ilẹ̀ Dorne, ẹ lè lọ gbé ọbẹ̀ kaná. Ṣùgbọ́n ẹ má fo apá 8, níbi tí àwọn òkú ti dìde létí omi.

Bí abala 6 bá parí, tí Daenerys, ọmọbìnrin ìdílé Targaryen, wà nínú ọkọ̀ ojú omi, tí drágónì mẹ́ta ń fò lókè rẹ̀, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Ẹ lọ sùn.

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbọ́. Èmi náà ò gbọ́. Apá mẹ́wàá ni wọ́n ń ṣe ní abala kọ̀ọ̀kan títí dé ìkẹfà. Ìkeje wá jẹ́ méje, ìkẹjọ mẹ́fà péré. Òru Mọ́ńdè tí wọ́n parí rẹ̀, aago méjì ni mo jókòó tì í, mo ti ra epo jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ láti Sátidé. Nígbà tí mo dé ìdí aró láàárọ̀, ojú mi ti wú. Màmá tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní, "Ta ló kú?"

"Ọbabìnrin kan ni, Mà."

"Ti ìlú wo?"

Mo ròyìn Daenerys fún un: obìnrin tó ń tú ẹrú sílẹ̀, tó wá gun drágónì, tó jó odidi ìlú tó ti túúbá. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ náà ya wèrè. Màmá wò mí. "Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n rì í kó tó dú báyẹn?"

Mo kà á, kò tó nǹkan. Aṣọ tá a bá rì lẹ́ẹ̀kan tá a sì sá sóòrùn, omi àkọ́kọ́ ló máa ṣí i. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Mo lè gbà pé ó jó ìlú. Wọn ò rì í tó.

Ti ọba tí wọ́n fi jẹ tún wá burú. Ẹlẹ́wọ̀n tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló dárúkọ Bran, ọmọ Ned Stark, àwọn ìjòyè sì ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìdílé tó kàn, kò sí Ifá. Ẹ dán irú ẹ̀ wò ní Ẹ̀gbá níbí, ogún ọdún ni ẹjọ́ rẹ̀ máa lò ní kóòtù!

Bí ó bá di dandan kí ẹ wo abala 8, ẹ jókòó dáadáa ti apá 2, níbi tí Jaime Lannister ti fi Brienne, obìnrin ajagun, joyè jagunjagun. Mo sunkún níbẹ̀. Apá 3 gba ìṣẹ́jú 82, ó sì ṣókùnkùn bí ìdí ìkòkò aró: ẹ má wò ó lọ́sàn-án, ẹ pa gbogbo iná, ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n sókè. Ní apá 4, wọ́n gbàgbé ife kọfí kan síwájú Daenerys. Ẹ ò ní rí i mọ́, wọ́n ti pa á rẹ́. Ká ní wọ́n lè pa apá 5, níbi tó ti jó ìlú, rẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá sì dúró ní abala 6 lóòótọ́, tí ìparí wá ń jẹ yín lọ́kàn, ẹ yà sọ́dọ̀ mi ní Ìtòkú. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni màá fi sọ ọ́, màá sì yí i padà díẹ̀.