Bí mo ṣe mú àwọn ọmọ wa rìn yíká Òṣogbo fúnra mi lẹ́yìn tí ₦85,000 wa ti lọ

₦85,000 ni mo san fún ẹnìkan tó ní iṣẹ́ òun ni kí òun máa mú àlejò rìn káàkiri ìlú. Èèyàn márùn-ún ni wá: èmi, ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó ti Kàdúná wá, àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Ohun tí a rí nínú owó yẹn kò ju pé wọ́n gbé wa dé Igbó Ọ̀ṣun, a ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà, a wọlé fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, wọ́n sì kó wa lọ jẹ ìrẹsì àti adìyẹ ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Aago méjì ọ̀sán kò tíì lù tí a ti padà sílé. Ṣé ìrẹsì ló gbé wọn ti Kàdúná wá? Mo ní kí wọ́n dá díẹ̀ padà nínú owó náà, wọ́n ní àwọn ti ṣe gbogbo ohun tí àwọn ṣèlérí.

Kì í sì ṣe owó nìkan ló dùn mí. Ọmọkùnrin tó ń ṣàlàyé fún wa sọ fún àwọn ọmọ pé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó obìnrin tó bá àwọn ará ìlú ṣe àwọn ère inú igbó náà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ọkọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n sin bàbá àgbà àwọn ọmọ yìí sí, ilé wọn nìyí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, èyí ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 bi mí pé, "Àǹtí, ṣé gbogbo Òṣogbo náà nìyẹn?" Akọ̀wé ni mo ń pè é, mo sì ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Adúmáradán, nítorí pé kí n tó wọlé ọkọ ni wọ́n ti bí wọn, mi ò lè máa là wọ́n mọ́ orúkọ. Mi ò mọ èsì tí mo fún un. Oorun ò kùn mí dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí èmi náà ń pè ní Àǹtí, pé kí wọ́n má tíì lọ, kí wọ́n fún mi ní Sátidé kan sí i.

Ọkọ mi ní ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ó fi mọ́tò sílẹ̀ fún wa. A ra omi, a jáde ní aago méje.

Ààfin àti Ọjà Ọba ni mo kọ́kọ́ mú wọn lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí orúkọ ọba wọn túmọ̀ sí. Nígbà tí Láròóyè àti Olútìmẹ̀hìn, àwọn tó tẹ Òṣogbo dó, ti Ìpólé wá nítorí omi, tí wọ́n sì bá Ọ̀ṣun ṣe àdéhùn, ẹja kan jáde láti inú odò, Láròóyè sì tẹ́wọ́ gbà á. A-tẹ́wọ́-gba-ẹja, ìyẹn ló di Atáója. Akọ̀wé na ọwọ́ méjèèjì síwájú níbẹ̀, ó ń ṣe bíi pé ẹja já sí i. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà sísè rí i, ó sì kí i pé, "Káre, ọmọ Òròkí." Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Láti ibẹ̀ a lọ sí Igbó Ọ̀ṣun. A san owó ìwọlé, a gba ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ ibẹ̀ rí mọ bí ooru ìlú ṣe ń kúrò lára èèyàn bí igi ṣe ń ṣíji bò ó. Bíi hẹ́kítà 75 ni igbó náà, UNESCO sì fi í sára ogún gbogbo ayé ní 2005. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni pé ibẹ̀ ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀. Ọjà àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, ààfin àkọ́kọ́ wà níbẹ̀. Mo mú wọn dé etí odò, mo sọ bí igi tí wọ́n gé ṣe wó lu omi, tí ohùn kan sì ké láti ìsàlẹ̀ pé ẹ̀yin oṣó inú igbó, ẹ ti fọ́ ìkòkò aró mi. Òṣogbo ìlú aró nìyẹn. Adúmáradán ní, "Ìyẹn ni pé aláró ni Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ọdún 14 ni, kò sí ẹni tó kọ́ ọ.

Omi náà pọ́n bí omi amọ̀, ó sì bà mí lọ́kàn jẹ́ láti fi hàn wọ́n. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló dà á rú. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó wá ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu ún. Omi tí àwọn ìyá wa ń bù fún ọmọ mu ni mò ń sọ yìí.

Mo tún ọ̀rọ̀ Àdùnní ṣe níwájú ère Ìyá Mọ̀pó, òrìṣà àwọn amọ̀kòkò àti aláró. Susanne Wenger ni orúkọ rẹ̀, ìlú Graz ní Ọ́síríà ni wọ́n ti bí i ní 1915, ó dé Nàìjíríà ní 1950, kò sì padà lọ gbé ibòmíràn mọ́ títí ó fi kú ní Òṣogbo ní 2009. Òun nìkan kọ́ ló mọ àwọn ère náà. Àwọn bíríkìlà àti agbẹ́gilére ìlú yìí ló bá a ṣe é, Adébísí Àkànjí wà lára wọn, Kasali Àkàngbé náà wà níbẹ̀. Mo ní kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ kan ògiri kan tó wà létí ọ̀nà, kí wọ́n rí ìlà ìka ẹni tó fi sìmẹ́ńtì ṣe é. Ó ṣì wà níbẹ̀ gedegbe. Nígbà tí a ń padà, ọ̀bọ kan já ẹ̀pà gbà lọ́wọ́ Àǹtí, a rẹ́rìn-ín títí dé ìdí mọ́tò. A ya ilé Àdùnní wò láti ìta ní ọ̀nà Ìbòkun, a ò dúró pẹ́.

Níbi oúnjẹ ni gbogbo ètò mi ti dàrú.

Bùkà kan ni mo mú wọn lọ ní agbègbè Stéṣọ̀n. Àmàlà tó ń yọ èéfín, gbẹ̀gìrì àti ewédú, ẹran pẹ̀lú ṣàkì àti pọ̀nmọ́, iyán fún Akọ̀wé. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n ti jẹ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. ₦16,500 ni gbogbo rẹ̀. Owó ọwọ́ mi kò ju ₦3,200 lọ mọ́, nítorí náà mo fi fóònù san án. Wọ́n yọ owó náà kúrò nínú àkáǹtì mi lójú ẹsẹ̀. Aago kan kọjá 20 ìṣẹ́jú ni.

Àláàtì ò dé ọ̀dọ̀ Ìyá olóńjẹ. A dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, a dúró fún mẹ́wàá. Mo na fóònù mi sí wọn. "Ìyá, ẹ wò ó, owó ti kúrò lọ́dọ̀ mi."

Wọ́n wò ó, wọ́n wo tiwọn. "Mo rí i, oníbàárà mi. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ tèmi ni. Ẹ má bínú, ẹ jókòó."

Mi ò lè bá wọn jà. Wọ́n sọ fún mi pé ẹnìkan ti fi àláàtì ayédèrú jẹun lọ́dọ̀ wọn rí, òun àti èèyàn mẹ́ta, wọn ò sì rí i mọ́ títí di òní. Mo pe báǹkì mi, ẹ̀rọ ní kí n tẹ oókan, kí n tẹ eéjì, orin ń lọ, ìlà já. Mo tún pè, ó tún já. Fóònù Àǹtí ti kú, àwọn ọmọ ti fi ya fọ́tò tán ní igbó, iná ò sì sí. Àǹtí ní, "Ìyàwó wa, tún un fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ká máa lọ." Mo ní rárá. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, wọ́n yọ méjèèjì, ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi bẹ̀bẹ̀ kí n tó rí ọ̀kan gbà.

Mo mú káàdì mi, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe POS lójúde, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Èkejì ní òun ò ní owó lọ́wọ́ mọ́. Oòrùn mú mi, inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí torí pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi dógò. Ọlọ́kadà kan ló gbé mi dé ìtòsí Ọlá-Ìyà, ibẹ̀ ni mo ti rí ₦20,000 gbà, wọ́n yọ ₦600 lé e. Nígbà tí mo padà dé, aago mẹ́ta ti kọjá. Ìyá olóńjẹ ti fún àwọn ọmọ ní ẹran sí i, wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí ìyẹn. Àǹtí ń sọ ìtàn Mbari Mbayo, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà tí Dúró Ládipọ̀ dá sílẹ̀ ní 1962, fún wọn, bí àwọn ará ìlú ṣe yí orúkọ náà sí "bí mo bá rí i, mà á yọ̀". Èmi ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ó dùn mí nínú láti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wọn.

Wákàtí méjì tí ó lọ yẹn ló ba àdìrẹ jẹ́ fún wa. Mo ti bá aláró kan sọ ọ́ pé aago méjì la máa dé. Bí àdìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe rí ni pé wọ́n á ro láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ kọ iṣẹ́ sára aṣọ funfun, ẹ̀kọ yẹn gbọ́dọ̀ gbẹ kí aṣọ tó wọ aró. Ẹni tó dé ní aago mẹ́rin ku díẹ̀ kò lè rí i gbẹ. Adúmáradán kọ tirẹ̀ síbẹ̀: ẹja kan, ọwọ́ méjì tó là sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́nu fẹ́ atẹ́gùn sí i títí, kò gbẹ. Oníko nìkan la ráyè ṣe, èyí tí wọ́n ń fi ìko dì. Ẹ ò bá rí ojú Akọ̀wé nígbà tí wọ́n fa aṣọ rẹ̀ jáde nínú ìkòkò. Àwọ̀ ewé ló gbé jáde, ọmọ náà ti fẹ́ bínú, atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di aró lójú wa, láti etí aṣọ wọ àárín. A ò lè dé stéṣọ̀n rélùwéè tí ọkọ̀ ojú irin ti dé láti 1907 mọ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú.

Gbogbo ohun tí mo ná, epo mọ́tò àti aró àti POS, kò pé ₦50,000. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, owó ọwọ́ ni kí ẹ mú dání, kí ó pọ̀, kí ó sì jẹ́ ṣẹ́ẹ́ńjì. Ẹ lọ sọ́dọ̀ aláró láàárọ̀, kí ẹ̀kọ máa gbẹ nígbà tí ẹ bá wà ní igbó. Mi ò mọ ìdí tí mi ò fi ronú bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹun kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí ẹ bá ní àgbà kan nínú ilé tó mọ ìtàn, ẹ gbé e sí iwájú mọ́tò.

Ọjọ́ Ajé ni báǹkì dá ₦16,500 padà. Àǹtí àti àwọn ọmọ ti lọ. Mo padà sọ́dọ̀ aláró, aṣọ Adúmáradán ti gbẹ, ó ti wọ aró ẹ̀ẹ̀mẹrin, wọ́n ti ha ẹ̀kọ kúrò lára rẹ̀. Ẹja náà funfun lórí aró dúdú, ọwọ́ méjèèjì là sílẹ̀. Mo wé e sínú láílọ́ọ̀nù, mo gbé e lọ sí gárèèjì, mo sì fún awakọ̀ Kàdúná.