Àṣìṣe tó ń jẹ owó yín nídìí fífi oje ewé dènà ìpẹtà

Bí mo bá tún rí ẹni tó kó owó ìwádìí rẹ̀ dà sórí ẹ̀rọ olówó gọbọi, tí kò sì ní sánpépà gidi kan láti fi bó ojú irin, n ó ké.

Iṣẹ́ náà kò ju kí a wọn irin, kí a rì í sínú ásíìdì tàbí omi iyọ̀ tí a bu oje ewé sí, kí a sì tún un wọ̀n láti mọ bí ó ṣe jẹ tó.

Èkíní. Ẹ yé fi irin tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Èkejì. Ẹ fọ ìpẹtà kúrò kí ẹ tó gbé irin sórí òṣùwọ̀n. Nínú omi iyọ̀, ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹnì kan mú àbájáde wá bá mi, ewé rẹ̀ dènà ìpẹtà dé 104%. Irin wá ń sanra!

Ẹ̀kẹta ni ìgo ásíìdì lásán, èyí tí a kò bu oje sí. Ọjọ́ kan náà, ooru kan náà ni kí ẹ fi ṣe é pẹ̀lú àwọn yòókù. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, ọ̀sán gangan ni mo ṣe ti ásíìdì lásán, mo wá ṣe ti oje lálẹ́. Ooru a máa mú kí ásíìdì yára jẹ irin, ni ewé mi bá di akọni. Mo ti kọ ìròyìn tán kí n tó mọ̀ pé òtútù alẹ́ ni mo ń kì ní oríkì.

Èyí tó ń bí mi nínú jù rèé. Ẹ fi θ, ìyẹn ìdá ojú irin tí oje bò, pín ìwọ̀n oje (C), ẹ ya gíráàfù rẹ̀ sí C, ìlà náà tọ́ gbọnrangandan, R² (òṣùwọ̀n bí ìlà ṣe tọ́ tó, 1 ni òpin rẹ̀) di 0.999, ariwo ayọ̀ ta: Langmuir ni! Ìyẹn òfin tó ní oje tò sójú irin ní ìpele kan ṣoṣo. Ẹ rọra. θ yín kò rìn ju láti 0.80 dé 0.95 lọ. Ẹ fi ohun tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà pín C, ẹ tún fi C ya á, kí lẹ rò pé yóò jáde bí kò ṣe ìlà tó tọ́?

Kò tán síbẹ̀. Ẹ mú K, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí oje ṣe ń lẹ̀ mọ́ irin tó, tó jẹ́ lítà fún giráàmù, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 55.5, ẹ fi wá ΔG, ìyẹn agbára tó wà nídìí ìlẹ̀mọ́ náà. Iye móòlù (òǹkà ẹyọ kéékèèké inú kẹ́míkà) omi nínú lítà kan ni 55.5. Giráàmù àti móòlù kì í ṣe ọmọ ìyá. Móòlù kí sì ni? Tánínì, ṣúgà, flavonoid, alkaloid, gbogbo wọn ló wà nínú ìgo yẹn. Síbẹ̀ ẹ ó ní −20 kJ/mol ni, nítorí náà oje kàn fara ti irin ni. Ìyàwó mi ti ní òun ò fẹ́ gbọ́ Langmuir nídìí oúnjẹ mọ́.

Ìkẹfà, àbí ìkarùn-ún: wákàtí méjì kò tó láti pe oje ní alágbára. Ohun tó ṣiṣẹ́ nínú ásíìdì 1 M HCl, ẹ ní ó wúlò fún fífi ásíìdì fọ irin. Ẹ má gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ òkun.

Ẹ sì yé tọ́jú oje pamọ́. Mo gbé ìgo kan sórí pẹpẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, agbára rẹ̀ já wálẹ̀, mo fi odindi ojú ìwé méjì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Oje náà ti bu.