Ìrìn Àárọ̀ Nìkan Kò Tó: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀ Eré Ìdárayá

Ó dára bí àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò àti ìjọ ṣe ń kó èèyàn jáde rìn láàárọ̀ Sátidé. Ẹ mọ̀ ọ́n rìn; a kò ní fi ìwé yìí kọ́ yín. Àṣìṣe tí à ń rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń rìn ni a torí rẹ̀ kọ̀wé: wọ́n á rìn, wọ́n á làágùn, wọ́n á ní ó parí. Kò parí. Ìyá tó ń rìn déédéé wà, tó jẹ́ pé bó bá jókòó sórí àpótí, àfi kó di ilẹ̀kùn mú kó tó lè dìde.

Ìrìn kíákíá, eré sísá, kẹ̀kẹ́ gígùn àti ijó, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń ṣe lóore. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni ọdún 18 sókè ṣe é tó ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ 5 ni 150 yẹn. Kó yá débi tí ẹ ó fi lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ kò ní lè kọrin. Bí ẹ bá ń dá orin lójú ọ̀nà, ẹ̀ ń najú ni.

Gbígbé, fífà àti títì ni ti iṣan. Àjọ kan náà ní kó má dín ní ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀, èyí gan-an lẹ sì ń fò dá. Bí èèyàn bá ti lé lọ́dún 30, iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í joro díẹ̀díẹ̀. Ìrìn nìkan kì í dá a dúró. Ẹ má sọ fún wa pé iṣẹ́ oko ti tó yín. Ẹni tó ṣì ń kọ ebè lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti fi oko sílẹ̀, tó ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ dalẹ́, kó dákẹ́.

A kò ní kí ẹ sanwó jímù. Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tí omi kún inú rẹ̀, kìló 5 ni. Lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ẹ dìde lórí àga kí ẹ tún jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Ẹ fọwọ́ méjèèjì ti ògiri, ẹ sún mọ́ ọn títí àyà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, kí ẹ ti ara yín padà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ fọwọ́ kan ti tábìlì, ẹ tẹ̀ síwájú, kí ẹ̀yìn yín gún, kí ẹ fi ọwọ́ kejì fa kẹ́ẹ̀gì wá sí ìhà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ sinmi ìṣẹ́jú 2, ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Tí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá bá ti rọrùn, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì mọ́ àyà tí ẹ bá ń dìde. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀léra.

Ẹ má sé èémí! Ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ga. Ẹ mí síta bí ẹ bá ń gbé ẹrù.

Ìdàkejì ni ti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin: irin ni wọ́n ń gbé ṣáá, bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ lọ rìn.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kó kọ́kọ́ rí nọ́ọ̀sì. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n kí ara máa ro yín fún ọjọ́ 1 tàbí 2 lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ẹ má torí ẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ ní kẹ́míìsì.