Ẹ má jẹ́ kí géèmù yín dùn jù: àṣìṣe àwọn tó ń wádìí bí èèyàn ṣe ń ṣọ́ drone

Àwọn ọ̀dọ́ kan níbí ní Ẹ̀pẹ́ ṣe géèmù kan láti fi wádìí bí èèyàn ṣe ń ṣọ́ drone: drone márùn-ún ń dá fò lórí ọ̀sà, ẹnì kan jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń ṣọ́ wọn. Tó bá rí ọkọ̀ ojú omi tó dojú dé, kó tẹ bọ́tìnì. Tí drone kan bá ṣìnà, kó pè é padà. Wọ́n ní kí n wá dán an wò. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ọkọ̀ mẹ́jọ ti dojú dé. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọ̀sà ibo nìyí?"

Àṣìṣe tó pọ̀ jù nìyẹn. Wọn ò fẹ́ kí eré náà sú èèyàn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sísú yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Wákàtí lè kọjá kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀ sí drone tó ń dá ṣiṣẹ́. Norman Mackworth, onímọ̀ kan nípa ìrònú èèyàn, ti fi irú èyí hàn ní 1948: ó ní kí àwọn èèyàn máa wo ọwọ́ aago kan tó ń tọ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí méjì, kí wọ́n tẹ bọ́tìnì nígbàkígbà tó bá tọ ìlọ́po méjì. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ò tíì tán tí ojú wọn ti ń fò ó. Géèmù oníṣẹ́jú mẹ́wàá ò lè dé ibẹ̀ láé.

Ẹ má sì jẹ́ kí drone yín máa ṣìnà ṣáá. Ẹ̀rọ tó ń ṣe wèrè lemọ́lemọ́, ta ni yóò gbójú kúrò lára rẹ̀? Èyí tó ti ń ṣe dáadáa láti àárọ̀ lèèyàn máa ń kẹ̀yìn sí. Ní 1993, olùwádìí kan, Raja Parasuraman, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn tí ẹ̀rọ wọn ń ṣe déédéé lójú kan kì í rí àṣìṣe rẹ̀ tó àwọn tí tiwọn ń dára fún ìgbà díẹ̀, tó tún ń ṣe ségesège.

Ti máàkì ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ń fún wọn ní máàkì lórí gbogbo bọ́tìnì tí wọ́n tẹ̀, ojúoró lásán ni wọ́n á máa pè ní ọkọ̀. Tó bá sì parí, ẹ má bi wọ́n pé "Ṣó dùn?" Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní NASA-TLX, àjọ NASA ti Amẹ́ríkà ló ṣe é; ó ní ìbéèrè mẹ́fà lórí bí iṣẹ́ ṣe wọni lọ́rùn tó, ẹ lo ìyẹn.

A tún un ṣe: ogójì ìṣẹ́jú, ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ọmọkùnrin kan jókòó tì í, ó fọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tó yá, ó yíjú sí mi: "Bùrọ̀dá, ṣó ti há ni?" Mo ní kò há. Lẹ́yìn rẹ̀, lójú kọ̀ǹpútà, drone kẹta ti ń pòòyì lórí ojúoró.