Bí mo ṣe fi èédú ya ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa

Lọ́dún 2016 ni wọ́n wó Ilé Ilọ́jọ̀ ní Tinúbú, l'Ékòó, ilé Àgùdà, irú ti àwọn tó padà dé láti Brazil, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1855, tí ìjọba sì ti kà mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè láti 1956. Látìgbà tí mo ti rí fọ́tò àwókù rẹ̀ ni àyà mi ti ń já nítorí ilé bàbá bàbá mi n'Íbàdàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé bébà lọ síbẹ̀.

Èédú ìdáná kò dára fún iṣẹ́ yìí; ó le, ó sì máa ń ha bébà. Ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo sá gbẹ, mo kó o sínú agolo, mo fi ìṣó lu ihò kan sí ọmọrí rẹ̀, mo dé e, mo gbé e sáàárín iná. Nígbà tí èéfín dá lójú ihò náà, mo gbé agolo kúrò, ṣùgbọ́n n kò ṣí i títí ó fi tutù pátápátá. Bí atẹ́gùn bá kan èédú tó ṣì gbóná, eérú ni yóò dà.

Orí àpótí ni mo jókòó sí, lẹ́nu ilẹ̀kùn iwájú. Bí ojú ẹni bá ṣe ga tó ni ibi tí gbogbo ilà ti ń pàdé ṣe ń ga tó: ti àjà ń sọ̀ kalẹ̀, ti ilẹ̀ ń gòkè, wọ́n wá pàdé lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Nítorí pé mo jókòó sílẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ga gan-an, bó ṣe ga lójú mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Èyí dùn mọ́ mi nínú púpọ̀.

Mo fi èédú pa gbogbo bébà dú, mo fi àkísà rọra rà á mọ́ ọn, kí n tó wá máa fi kílínà rírọ̀ yọ ìmọ́lẹ̀ jáde: ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó ń dán, etí férémù yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo ya gbogbo pákó àjà níkọ̀ọ̀kan, ó pọ̀ jù, mo nù ún. Kò tán, àpá rẹ̀ dà bí èéfín ọdún pípẹ́. William Kentridge ní Johannesburg náà máa ń yàwòrán èédú, á nù ún, á tún un yà lórí bébà kan náà, á máa ya fọ́tò ìyípadà kọ̀ọ̀kan títí yóò fi di fíìmù. Kì í fi àpá tó kù pamọ́. Mo fi tèmi náà sílẹ̀.

Mo ti mú sípúrè irun tí n ó fọ́n sí i kí èédú má baà gbọ̀n dànù, nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wọlé láti ẹ̀yìn, tí wọ́n sì wò ó títí.

“Ta ló ti ilẹ̀kùn ìyá wa?”

“Títì ni mo bá a, mà.”

“Nígbà ayé wọn, wọn kì í tì í. Tọ̀sán-tòru.”

Mo gbé sípúrè sílẹ̀, mo mú kílínà, mo ṣí i.