Bí mo ṣe tú ọ̀pá ìbọn mi láì bó aró ara rẹ̀

Sípánà páìpù ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo gbé ìbọn ráífù mi àkọ́kọ́ fún oníṣẹ́ kan pé kó bá mi fi ọ̀pá tuntun, irin gbọọrọ tí ọta ń gbà jáde, sí i. Nígbà tí mo lọ gbà á, eyín sípánà páìpù ti bu ọ̀pá tuntun náà jẹ yípo, bí ẹni pé ajá gé e jẹ. Ó ní kò sẹ́ni tó máa rí i. Èmi rí i o! Owó tí mo fi pa àpá yẹn rẹ́, tí mo sì fi tún irin náà pa láró, ìyẹn àwọ̀ dúdú tí wọ́n fi ń bo irin ìbọn, ju owó ọ̀pá náà fúnra rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, nígbà tí bóòtì ìbọn ráífù Mauser 98 mi, ìyẹn irin tó ń dí ẹ̀yìn ọta pa, bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé lórí gééjì NO-GO, irin ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ pa dé lórí rẹ̀ rárá, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Àyè tí ọta ń jókòó sí ti gùn jù. Ọ̀pá yẹn ṣì dára, aró rẹ̀ ń dán bí ojú omi lóru. Ohun tó kù ni kí n yọ ọ́, kí wọ́n gé ìdí rẹ̀ díẹ̀ lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n tún ojú ibùjókòó ọta ṣe, kí n sì dá a padà.

Ti pé kí ọta má sí nínú ìbọn, kí ẹ yọ bóòtì, kí ẹ yọ igi ìbọn, mi ò ní sọ ìyẹn. Ẹni tí ìyẹn bá ṣì ṣòro fún kò tíì tó ẹni tí ń tú ọ̀pá. Sukúrúù lásán ni: ìdí ọ̀pá wọ inú rìsífà, ìyẹn ara irin tí bóòtì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, bí páìpù omi ṣe ń wọ inú ara wọn. Tí ẹ bá dúró sẹ́yìn rìsífà, ẹ máa yí i lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ẹ fi fáìsì, irin tí wọ́n fi ń há nǹkan mọ́ra, di ọ̀pá mú, ẹ fi sípánà tí wọ́n dìídì ṣe fún rìsífà gbá òrùka iwájú rẹ̀ mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki irin gígùn bọ ibi tí bóòtì ń gbà kọjá. Rìsífà á lọ́, ó parí nìyẹn.

Ó dùn-ún sọ. Mo fi epo tí ń wọ inú ìpẹtà rin ojú ìsopọ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnì kan tiẹ̀ sọ fún mi pé fíníígà ló ń ṣiṣẹ́ jù. Mo dúpẹ́ pé mo kọ́kọ́ dán an wò lára sukúrúù àlòkù kan, torí fíníígà bó aró rẹ̀ kúrò, irin funfun ló kù. Fíníígà ń jẹ ìpẹtà, òótọ́ ni, àmọ́ aró ara ìbọn náà, ìpẹtà ni, èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo fi pákó méjì tí mo gbẹ́ ihò sí láàárín di ọ̀pá mú, mo fi awọ há a, mo sì fà. Gbogbo nǹkan yí! Mo ti ń yọ̀ kí n tó rí i pé rìsífà ò tú lára ọ̀pá, àwọn méjèèjì ló jọ ń yí nínú pákó. Mo tú fáìsì, mo bá ìlà dídán kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun lára aró. Mo jókòó sílẹ̀. Inú bí mi débi pé mi ò fọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ kan.

Kò sì sẹ́lòmíì tó fà á. Epo tí mo ń dà sójú ìsopọ̀ ń ṣàn bọ̀ lára ọ̀pá, ó wọ inú awọ, èmi náà sì ń retí pé kí awọ olóróró di irin mú. Pákó yẹn pàápàá, ihò rẹ̀ gún bákan náà láti orí dé ìdí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá ìbọn ń tín-ín-rín lọ síwájú, ibi kékeré kan péré ni wọ́n ti fara kan ara wọn.

Mo tún pákó igi líle gbẹ́, mo ń fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n títí ihò fi bá ìtẹ̀sí rẹ̀ mu. Mo fi sípíríìtì nu ọ̀pá títí aṣọ funfun ò fi dọ̀tí mọ́. Mo fi pépà ẹyọ kan wé e, mo bu oje igi páìnì tí mo lọ̀ kúná sí inú ihò, mo wá ń dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, díẹ̀díẹ̀. Oje yẹn kì í ha aró, sípíríìtì ló sì máa ń fọ̀ ọ́ kúrò. Mi ò fi iná kàn án. Iná tó pọ̀ á sọ irin tí wọ́n ti mú le di rírọ̀, rìsífà sì ni irin tó ń dáàbò bo ojú yín.

Mi ò fà á mọ́. Mo fi òòlù lu orí ọwọ́ sípánà lẹ́ẹ̀kan, gbà! Irin tó ti sùn lọ́jọ́ pípẹ́ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ìpayà ló máa ń jí i. Ìlà àmì tí wọ́n fà kọjá láti ara ọ̀pá dé ara rìsífà pín sí méjì, àlàfo rẹ̀ kò ju bébà lọ. Mo pariwo. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ni mo fi yí i jáde.

Tí mo bá fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, màá fi epo díẹ̀ sí i, màá sì nu ún gbẹ kí n tó fọwọ́ kan fáìsì. Mo kì wọ́n nílọ̀ níbi ẹ̀rọ pé kí wọ́n gé ìdí ọ̀pá ní ìwọ̀n ìyípo sukúrúù kan géérégé, kí irin kékeré orí ọ̀pá tí a fi ń fojú sun nǹkan má baà ṣẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dá a padà, ìlà àmì méjèèjì tún pàdé, bóòtì pa dé lórí gééjì GO, èyí tó yẹ kó pa dé lórí rẹ̀, ó sì kọ̀ jálẹ̀ lórí NO-GO. Ìlà dídán yẹn ṣì wà níbẹ̀, lábẹ́ igi ìbọn, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí i àfi èmi.