Àńtẹ́nà Pẹlẹbẹ fún Wi-Fi Ilé àti Oko: Bí A Ṣe Ń Gé E àti Bí A Ṣe Ń Mú Un Dé Ojú Ìwọ̀n

Ìwé yìí wà fún àgbẹ̀ tàbí onílé tí ó fẹ́ kí Wi-Fi inú ilé rẹ̀ dé ilé adìyẹ, àká tàbí ẹ̀rọ omi tí ó wà ní ìkángun oko, láìjẹ́ pé ó ń ri wáyà mọ́lẹ̀ gba àárín ohun ọ̀gbìn kọjá. Àńtẹ́nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó máa ń wà lẹ́yìn ráútà ń tú ìgbì rẹ̀ ká, bí fìtílà tí a gbé kalẹ̀ sí àárín yàrá. Àńtẹ́nà pẹlẹbẹ ní tirẹ̀ máa ń kó ìgbì náà síwájú bí iná tọ́ọ̀ṣì, tí ohun tí ó ń dé iwájú rẹ̀ fi lè tó ìlọ́po mẹ́fà ohun tí ìbá lọ síbẹ̀ bí a bá pín ìgbì náà dọ́gba sí gbogbo àyíká. Síbẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì fẹ̀ tó nǹkan bíi dígíríì 60 sí 70, nítorí náà kò ṣòro láti kọ ọ́ sí ibi tí a fẹ́.

Páànù méjì ni gbogbo ara rẹ̀: ti ẹ̀yìn tí ó fẹ̀, àti ti iwájú tí ó kéré, pẹ̀lú àlàfo tóóró láàárín wọn. Ohun méjì ni iṣẹ́ náà dá lé, ẹni tí ó bá sì da wọn pọ̀ mọ́ra yóò fi ọjọ́ púpọ̀ ṣòfò. Gígùn páànù iwájú ni ó ń pinnu fíríkúẹ́ńsì (iye ìgbà tí ìgbì ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tí àńtẹ́nà yóò máa dáhùn sí, gẹ́gẹ́ bí gígùn fèrè ṣe ń pinnu ohùn rẹ̀. Ojú ibi tí a ti so wáyà mọ́ ọn ni ó sì ń pinnu bóyá agbára tí ráútà fi ránṣẹ́ yóò wọlé tàbí yóò padà sẹ́yìn.

MHz àti GHz ni a fi ń wọn fíríkúẹ́ńsì, 1000 MHz sì ni 1 GHz. Bí a bá fi iye GHz pín 300, ohun tí a ó rí ni gígùn ìgbì ní mìlímítà. Wi-Fi tí à ń sọ níhìn-ín ń lo 2400 sí 2483.5 MHz, ní àárín rẹ̀, gígùn ìgbì jẹ́ nǹkan bíi 123 mm, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 61 mm àti díẹ̀. Páànù iwájú kì í gùn tó ìdajì yìí, nítorí pé ìgbì máa ń yọ kọjá etí rẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ohun tí ó sì ń yọ ní etí kọ̀ọ̀kan tó bí ìdá méje nínú mẹ́wàá gíga àlàfo. Bí àlàfo bá jẹ́ 5 mm, a ó yọ 7 mm, yóò ku nǹkan bíi 54 mm. Ẹ má ṣe gé e sí 54. Ẹ gé e sí 56 mm, nítorí pé fáìlì, irin tí a fi ń fá páànù, lè dín páànù kù, ṣùgbọ́n kò sí fáìlì tí ó lè fi kún un.

Àwọn kan fẹ́ràn pátákó FR-4 tí a fi ń ṣe sákíìtì, nítorí pé àńtẹ́nà orí rẹ̀ kéré: lórí èyí tí ó nípọn tó 1.6 mm, gígùn páànù kò ju bíi 29 mm lọ. A kò gbani nímọ̀ràn rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé pátákó náà ń sọ apá kan nínú agbára di ooru. Afẹ́fẹ́ kì í jẹ agbára, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ lo páànù bàbà tàbí ti idẹ, tí lẹ́ẹ̀dì máa ń lẹ̀ mọ́ dáadáa. Kí ti ẹ̀yìn jẹ́ 120 mm níbùú lóròó, kí ti iwájú jẹ́ 56 mm ní gígùn àti 62 mm ní fífẹ̀. Ẹ fi bóòtù kan gba àárín gùngùn àwọn méjèèjì, kí ẹ sì fi òrùka tí ó ga ní 5 mm sáàárín wọn. Bóòtù irin kò ba nǹkan kan jẹ́ níbẹ̀, nítorí pé àárín páànù ni fóltéèjì ti máa ń jẹ́ òdo. Láti àárín náà, ẹ wọn 10 mm lọ sí ọ̀kan nínú etí méjì tí ó wà ní ìpẹ̀kun gígùn, kì í ṣe ti fífẹ̀, ẹ sì lu ihò síbẹ̀. Irin àárín sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà àńtẹ́nà, irú èyí tí ó jẹ́ ọ́ọ̀mù 50 (ọ́ọ̀mù ni ìwọ̀n tí ó gbọ́dọ̀ bá ti ráútà mu), yóò gba ẹ̀yìn wọlé láìfara kan páànù ẹ̀yìn, a ó sì fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ ti iwájú. Ara sọ́kẹ́ẹ̀tì ni yóò lẹ̀ mọ́ páànù ẹ̀yìn. Wáyà àńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n kọ́ ni ẹ ó lò, torí ọ́ọ̀mù 75 ni tirẹ̀.

Láti mú un dé ojú ìwọ̀n, ẹ wá NanoVNA, ẹ̀rọ kékeré tí ó ń fi ìlà hàn bí agbára tí ń padà láti àńtẹ́nà ṣe pọ̀ tó ní fíríkúẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan, kí ó jẹ́ èyí tí ó lè wọn dé 3 GHz. Àwọn ti àkọ́kọ́ kò dé ibẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ohun ìdánwò mẹ́ta tún un ṣe ní ìpẹ̀kun wáyà gan-an: èyí tí ó ṣí, èyí tí ó pa wáyà pọ̀, àti èyí tí ó jẹ́ ọ́ọ̀mù 50. Ẹ kọjú àńtẹ́nà sí gbangba, kí ẹ gbé ọwọ́ kúrò nítòsí rẹ̀, torí ọwọ́ nìkan tó láti yí ohun tí ẹ̀rọ ń kà padà. Ìlà orí ẹ̀rọ yóò jìn bí kòtò níbì kan. Bí kòtò náà bá wà nísàlẹ̀ 2442 MHz, páànù ṣì gùn jù. Ẹ fá ìpẹ̀kun méjèèjì dọ́gbadọ́gba, kí bóòtù má bàa kúrò láàárín. Mìlímítà 1 lápapọ̀ ń gbé kòtò sókè ní nǹkan bíi 40 MHz, nítorí náà ẹ fá díẹ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tún fá.

Jíjìn kòtò náà, tí a ń fi dB (ìwọ̀n tí a fi ń fi agbára wé ara wọn) kà, jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. −10 dB túmọ̀ sí pé ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára ń padà, −20 dB sì jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó bá ti rí −15 dB ní àárín, kí ó fi í sílẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, fífá kò lè tún un ṣe. Ibi ìsopọ̀ ni kí ẹ yí. Bí ẹ̀rọ bá ka ju ọ́ọ̀mù 50 lọ ní ìsàlẹ̀ kòtò, ẹ sún ìsopọ̀ mọ́ àárín. Bí ó bá dín, ẹ sún un sétí.

Wáyà RG-58, irú wáyà àńtẹ́nà ọ́ọ̀mù 50 kan tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ń jẹ nǹkan bíi 1 dB lórí mítà kọ̀ọ̀kan, 3 dB sì ni ìdajì agbára, nítorí náà ó sàn kí a gbé ráútà sún mọ́ àńtẹ́nà, kí a sì na wáyà iná dípò. Ìlà láti bóòtù dé ibi ìsopọ̀ gbọ́dọ̀ dúró bákan náà ní ìhà méjèèjì, bí àńtẹ́nà bá wà nílé àti ní oko, nítorí pé bí ọ̀kan bá wà lóòró tí èkejì wà níbùú, díẹ̀ péré ni yóò dé ọ̀hún. Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní òdiwọ̀n fún agbára tí ó ń jáde. Bí tiyín bá kọjá rẹ̀, ẹ dín ti ráútà kù. Ike ìdérí tí ó nípọn tí ó sì sún mọ́ páànù máa ń fa kòtò sísàlẹ̀, nítorí náà inú ìdérí ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n kẹ́yìn kí ẹ tó gbé e kọ́, kí ẹ sì lu ihò kékeré sí ìdí rẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà jáde.